Abọ́ Tí Kò Lórúkọ Lẹ́nu Ọ̀nà Zella

Zella Gayheart kì í gba ẹ̀bùn láìkọ́kọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kò burú. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ní Bracken Fork á jẹ́rìí pé obìnrin náà ò ní ìkà nínú, ìfura ló kàn ń bá a jẹun tó sì ń bá a sùn. Bí oòrùn bá ràn wẹ́rẹ́ láàárọ̀, Zella á bojú wo òkè, á ní oòrùn yìí mọ ohun tó ń fi pamọ́.

Ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ò kúkú fara sin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kan wá láti ìlú ńlá lápá àríwá, wọ́n kó bàtà wá fún àwọn ọmọ àfonífojì nígbà Kérésìmesì. Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní kí Zella kọ́kọ́ bọ́ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó dúró sínú yìnyín pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, kí àwòrán lè wọni lára. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí o! Bàbá rẹ̀ ló fi owó ibi ìwakùsà rà á. Àwòrán jáde nínú ìwé ìròyìn, bàbá rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ aláìníbaba, kò sì tún tẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí ó fi kú. Bàtà ọ̀fẹ́ ọ̀hún ò tiẹ̀ bá Zella lẹ́sẹ̀ mu. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ Hobert Gayheart, awakùsà bíi ti bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe ohun kan tí kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan, àní Hobert pàápàá. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí àwọn ọmọ bá ń múra àtilọ sílé, ó mọ àwọn tí kò ní rí nǹkan jẹ títí di ọjọ́ Ajé. Á ti búrẹ́dì, wàrà àti ẹran tó ṣẹ́ kù bọ inú àpò wọn, á pa àpò dé, á wá jágbe mọ́ ọmọ náà pé kó máa lọ kíákíá. Òfin ilé ìwé ni pé kí wọ́n da oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù nù. Bí wọ́n bá mú un, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Wọn ò mú un.

Eruku èédú pa Hobert. Lẹ́yìn náà, oògùn olóró mú Tressa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ní oṣù kejì ọdún tí mò ń sọ yìí, Tressa gbé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wá bá ìyá rẹ̀: Maci, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti Junie tí kò tíì pé mẹ́ta. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù kan, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́.

Ẹ̀rù tó wá ń ba Zella lójoojúmọ́ ò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ìwé kankan láti kóòtù tó sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ni kí àwọn ọmọ náà wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, opó ni, àjà ilé rẹ̀ ń jò. Bí àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní olú ìlú kọ́ńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, bá gbọ́, wọ́n á wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n á kó Maci síbì kan, wọ́n á kó Junie síbòmíì. Ó ti ṣojú rẹ̀ rí. Nítorí náà ó pa ẹnu mọ́, ó pa kọ́tìnì mọ́, ó ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan kí n tó máa lọ. Ní Bracken Fork, oúnjẹ kì í rìn láìlórúkọ. Bí ẹnìkan bá kú, bí obìnrin bá bímọ, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin, abọ́ ló máa ń wọlé. Lábẹ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lẹ téèpù, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Wàá jẹ oúnjẹ, wàá fọ abọ́, wàá dá a padà, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kó padà lófìfo. Kò sí ilé kan tí abọ́ ẹlòmíì mẹ́ta mẹ́rin ò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni láìjẹ́ pé ó ti kígbe láti ojú títì pé, "Ará ilé o!" Ẹni tó bá yọ́ wọlé, ọlọ́pàá ni, tàbí ará ọ́fíìsì.

Nítorí náà, nígbà tí Zella ṣílẹ̀kùn ní Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kẹta, tó bá abọ́ gíláàsì ńlá kan nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí òórùn adìyẹ sísè ń jáde lára rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ẹnikẹ́ni ò kígbe. Ajá rẹ̀ ò gbó. Ó fi aṣọ di abọ́ náà mú, ó gbé e sókè, ó wo ìdí rẹ̀. Wọ́n ti ṣí téèpù ibẹ̀ kúrò. Àmì ibi tó lẹ̀ mọ́ ṣì hàn.

Ó ránṣẹ́ pe Burl, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Burl, ojú kan ló ní, àwàdà rẹ̀ ò sì fi ti ọjọ́ orí ṣe.

"Bọ̀dá Burl, ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Adìyẹ nìyí. Ojú kan ni mo ní lóòótọ́, àmọ́ ó mọ adìyẹ."

"Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Kò lórúkọ."

"Kó o ṣáà jẹ èyí tó wà lókè, kó o fi ti abẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ yé ṣeré. Ta ló ń gbé abọ́ ránṣẹ́ tí kò fẹ́ ẹ padà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ó lè jẹ́ áńgẹ́lì."

"Áńgẹ́lì á kígbe láti ojú títì."

Burl rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo fi ń ṣomi. Zella bu díẹ̀ nínú oúnjẹ náà fún ajá. Ṣẹ́rífù ni wọ́n ń pe ajá yìí, orúkọ olórí ọlọ́pàá. Ṣẹ́rífù jẹ ẹ́, ó lá ilẹ̀, ó sùn sínú oòrùn, ó ń hanrun. Zella jókòó tì í fún odindi wákàtí kan, ó ń wò ó bóyá yóò kú. Nígbà tó fi máa wọlé, Maci ti jẹ ìlàjì abọ́.

"Màmá àgbà, ó dùn," ni ọmọ náà wí, ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kejì, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ló dé. Ọjọ́bọ̀ kẹta, ọ̀dùnkún àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, pẹ̀lú ìlédìí Junie lódindi báàgì kan, ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọjọ́bọ̀ kẹrin, bàtà ọmọdé aláwọ̀ búlúù wà lórí ìdérí abọ́. Maci ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu bí ìgbà tí wọ́n rán an sí i lẹ́sẹ̀. Kò sí abọ́ kan tó lórúkọ nínú gbogbo wọn, ajá ò sì gbó lẹ́ẹ̀kan.

Ẹlòmíì á ti máa yin Ọlọ́run. Ìbéèrè ni Zella ń bi ara rẹ̀. Ta ló mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ òun? Ta ló mọ̀ pé Junie ṣì ń lo ìlédìí? Ẹni tó ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí, ìwé ló ń kọ nípa wọn níbì kan. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

"Maci, ta ló wọn ẹsẹ̀ rẹ?"

"Sístà Oneida ni. Ní Sọ́ńdè sùkúù. Ó ní kí n dúró lórí bébà, ó fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ mi ká. Ó pa mí lẹ́rìn-ín."

"Oneida wo?"

"Sístà Oneida Slone."

Oneida Slone! Ọdún méjìlélógún ni obìnrin yìí fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Láyé ìgbà náà, bí mọ́tò rẹ̀ aláwọ̀ eérú bá ti yọ lójú ọ̀nà, àwọn ìyá á máa ti ilẹ̀kùn, àwọn ọmọ á máa sá wọgbó. Òun ló kó ọmọ mẹ́rin Delbert Hensley lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àárín ẹbí wọn ò sì gún mọ́ láti ìgbà náà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ló fiṣẹ́ sílẹ̀, tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́nu odò, tó ní òun fẹ́ fi ìyókù ayé òun sin àwọn ọmọdé. Wọ́n rì í bọmi lóṣù kẹta, omi odò tutù débi pé eyín olùṣọ́-àgùntàn ń lu ara wọn. Àwọn ará Bracken Fork ní omi náà ò tutù tó. Ìjọ gbà á, nítorí Bíbélì ò fún wọn láyè láti kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbani ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀, kí wọ́n gbani nílé lọ́tọ̀.

"O ò ní lọ sí Sọ́ńdè sùkúù mọ́," ni Zella sọ fún Maci.

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Lọ bọ́ bàtà yẹn."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó dun Zella, nítorí ó mọ bó ṣe rí kí wọ́n ní kí ọmọ bọ́ bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi gògòrò má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó kó bàtà náà sókè kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abọ́ mẹ́rin tí kò mọ ibi tó lè dá wọn padà sí.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ karùn-ún pé, Zella ò jáde. Láti ọ̀sán ló ti jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé dé, ó rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti etí odò, kò gba ojú títì. Kóòtù dúdú ló wọ̀, ó gbé abọ́ mọ́ àyà. Nígbà tó dé ẹnu ọgbà, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ sọ́séèjì kan, ó jù ú. Ṣẹ́rífù fi ẹnu gbà á lófuurufú, ó ń ju ìrù. Abájọ tí ajá náà fi sanra! Ọlọ́pàá lorúkọ rẹ̀, ó sì ń gba rìbá bó ṣe yẹ.

Zella já ilẹ̀kùn ṣí. "Dúró níbẹ̀!"

Oneida Slone dúró. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, irun rẹ̀ ti funfun tán. "Ẹ káàsán, Sístà Zella."

"Má pè mí ní sístà. Kí lo ń wá nílé mi?"

"Mo gbé oúnjẹ wá ni, mà."

"Láìkígbe? Láìkọ orúkọ? Bí olè?"

"Bí mo bá kọ orúkọ mi sí i, ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?"

"Ta ló rán ẹ? Ọ́fíìsì rẹ ni, àbí?"

"Mi ò sí lọ́fíìsì mọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Àmọ́ o mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ mi. O ń wo ilé mi. O ń ka iye ìlédìí tí mo lò."

"Mo rí Maci ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà rẹ̀ ti lu. Òun ló sọ fún mi pé àbúrò òun ò tíì mọ ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe." Oneida gbé abọ́ náà kalẹ̀ lórí òpó ọgbà. "Sístà Zella, ẹ gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ lé mi. Ilé ìwé ti ń béèrè ìwé tó fi Maci sọ́dọ̀ yín. Ẹnìkan á fẹjọ́ sùn láìpẹ́, kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́, ẹjọ́ ni wọ́n á gbà gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lọ bá adájọ́, ẹ̀yin ni wọ́n á gbọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ìyá àgbà. Mo mọ ohun tó máa béèrè. Mo lè bá yín kọ ìwé tí ẹ máa gbé lọ bá a."

"Kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ inú pàkúté? O ti kó ọmọ Delbert, ó wá kan tèmi!"

Ojú Oneida ṣú. Kò jà. "Ó dáa, mà," ló wí. Ó yí padà, ó gba etí odò lọ. Ó fi abọ́ náà sílẹ̀ lórí òpó.

Ní òru yẹn Zella ò sùn dáadáa, bí ilẹ̀ sì ṣe mọ́ ló ti wà nídìí sítóòfù. Ó ti mọ ẹni tó ni àwọn abọ́ náà báyìí, wọn ò sì gbọdọ̀ sùn nílé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àṣà ò yọ̀ǹda kí abọ́ padà lófìfo, ì báà jẹ́ ti ọ̀tá. Ó wá ń kó nǹkan sínú wọn: ẹ̀wà gbígbẹ nínú ọ̀kan, jáàmù nínú ọ̀kan, búrẹ́dì àgbàdo, ẹyin adìyẹ rẹ̀ méjìlá, ápù díndín. Burl dúró tì í, ó ń wò ó.

"Irú ìjà wo nìyí? O bínú sí i, o wá ń se oúnjẹ fún un."

"Mo fẹ́ kó ojú tì í ni."

"Kí ẹni kan bá mi bínú báyìí o. Ebi ń pa mí."

Burl ló wa mọ́tò gbé e lọ. Ilé Oneida wà lókè ṣọ́ọ̀ṣì, ilé kékeré onípákó. Zella dúró lójú títì, ó kígbe, "Ará ilé o!" Ó kígbe bó ṣe yẹ, kí obìnrin náà lè rí bí ọmọlúàbí ṣe ń wá sílé ẹni.

Oneida sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi. Ó ní kí wọ́n wọlé. Zella ò fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n abọ́ márùn-ún wúwo. Ó gbé wọn sórí tábìlì ìdáná, ó tẹjú mọ́ Oneida, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ wá lọ sí ara ògiri.

Ẹsẹ̀ ni. Bébà lórí bébà, tí wọ́n fi pẹ́ńsù ya ẹsẹ̀ ọmọdé sí, wọ́n fi ìṣó kékeré kàn wọ́n mọ́ ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan ti pọ́n. Abẹ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ó rí ti Maci. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn, Hensley, Hensley, Hensley, Hensley.

"Kí lo ń fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ṣe?" ni Zella bi í.

"Bàtà ni mo fi ń rà," ni Oneida wí. "Púpọ̀ nínú àwọn tí mo kó lọ, ẹsẹ̀ lásán ni mo bá wọn. Ẹ ò lè gbé ọmọ wọ ilé àlejò láìwọ bàtà. Mo máa ń dúró lójú ọ̀nà, mo máa ń ya ẹsẹ̀ wọn, mo máa ń rà á. Nígbà tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò lè da àwọn bébà náà nù. Àwọn kan wà tó yẹ kí n kó, wọn ì bá ti kú. Àwọn kan wà tí kò yẹ kí n kó. Ọdún méjì ni mo fi ń wo ògiri yìí, mi ò tíì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ tán."

Zella ṣì ń wá ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Oneida gbé omi ka iná. "Mo máa ń bi wọ́n nínú mọ́tò pé, ta ló ń fún yín lóúnjẹ? Torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan wà tí wọ́n lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ọmọ Delbert tó dàgbà jù sọ? Ó ní, 'Ìyá ilé ìdáná ilé ìwé ni. Á bú wa, àmọ́ ẹran á wà nínú àpò.' Kì í ṣe òun nìkan ló sọ ọ́. Ó tó ọmọ mẹ́wàá."

Zella fa àga, ó jókòó.

"Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé," ni Oneida wí. "Ohun gbogbo tí ọmọ bá sọ la máa ń kọ. Ilé ìwé ì bá ti lé yín lọ́jọ́ kejì. Mi ò kọ ọ́ rí, ní gbogbo ọdún yẹn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lóúnjẹ láìlórúkọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fẹ́ ẹ."

Ojú ti Zella, inú rẹ̀ sì bà jẹ́, ó tún bínú sí i pé ojú ń ti òun. Gbogbo ọdún yẹn tó rò pé òun àti Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, obìnrin tó ń sá fún jù lọ láyé ń bá a pa á mọ́. Ó gbé ojú kúrò lára ògiri, ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwo méjì ló wà níbẹ̀, ife méjì, ìkòkò kan. Ó wá abọ́ ẹlòmíì níbẹ̀, kò rí ẹyọ kan. Ọdún mọ́kànlá ni Oneida ti ń gbé ilé yìí. Ìyá rẹ̀ kú sínú rẹ̀.

"Nígbà tí ìyá rẹ kú," ni Zella bi í, "kí ni wọ́n gbé wá?"

"Olùṣọ́-àgùntàn ìgbà náà gbé òdòdó wá." Oneida da omi gbígbóná sórí kọfí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé oúnjẹ wá sílé ẹni tó kó ọmọ rẹ̀ lọ?"

Zella mu kọfí náà. Kó tó mu ún, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwà ò ṣeé bọ́ bí aṣọ.

Wọ́n kọ ìwé náà lórí tábìlì yẹn. Zella ní kí Burl kà á fún òun, ó tún ní kó kà á lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ojú rẹ̀ kan fo nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n jọ lọ sí kóòtù. Maci wọ bàtà búlúù rẹ̀. Oneida lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Adájọ́ béèrè ọ̀rọ̀ àjà tó ń jò, ó béèrè ọ̀rọ̀ Tressa, ó béèrè owó opó. Zella dá a lóhùn gbogbo rẹ̀ bí Oneida ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ wá sọ pé, "Ìyáàfin Gayheart, bí àìsàn bá gbé yín dè, ta ni yóò mú àwọn ọmọ yìí? Mo fẹ́ orúkọ ẹnìkan."

Èyí ò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Zella wo Burl. Burl fi ojú rẹ̀ kan wo ilẹ̀. Junie ń fa etí bàtà Maci. Bí kò bá sọ orúkọ kankan, wọ́n lè kó wọn lọ lónìí, láti inú yàrá yìí gan-an. Bó bá sì sọ orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti fi ọmọ lé ìkookò lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ pé ìkookò ni.

"Oneida Slone," ló wí.

Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Oneida Slone tí mo mọ̀?"

"Òun náà ni, sà. Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn."

"Ìgbàkígbà tí mo bá rí i níbí, ọmọ ló wá ń gbà."

"Mo mọ̀, sà. Èmi ni mo ń fún un báyìí, bí mo bá ṣubú. Àmọ́ mi ò tíì ṣubú."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Zella ò bojú wẹ̀yìn, torí náà kò rí i pé Oneida ti bo ojú rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Adájọ́ fọwọ́ sí ìwé. Ọdún kan ni, ó ní lẹ́yìn náà wọ́n á tún padà wá, àti pé ẹnìkan á wá wo ilé láàárín oṣù kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Zella ṣe kéèkì ápù onípele mẹ́fà. Ó gbé e sínú abọ́ tó dáa jù nílé rẹ̀, èyí tí Hobert rà fún un. Ó gé téèpù, ó kọ Z. GAYHEART sí i gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí abọ́, ó ní kí Burl gbé e lọ fún Oneida.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, abọ́ ò padà. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Oneida ń kí i, ó ń bá Junie ṣeré, kò mẹ́nu ba abọ́. Ẹni tí ò bá dá abọ́ ẹni padà ní Bracken Fork, ó ń sọ pé òun ò ṣe mọ́ ni. Ìfura Zella tún jí, ó nà, ó jókòó. Àbí ó ti rí ohun tó ń wá? Ẹni tó ń bọ̀ wá wo ilé ńkọ́, ta ló ń sọ ohun tó máa wò fún un? Kí ló dé tí òun fi sọ orúkọ rẹ̀ níwájú adájọ́? Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, ó ní kí Burl gbé òun lọ.

Kò tiẹ̀ rántí kígbe lójú títì. Ó gun àtẹ̀gùn, ó kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. "Oneida! Abọ́ mi dà? Ṣé o fẹ́ jí i ni?"

Oneida ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Zella wo ẹ̀yìn rẹ̀. Abọ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti nù ún, ó dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo méjèèjì, ó kọ ìdí rẹ̀ síta kí orúkọ lè hàn.

"Ẹ má bínú, Sístà Zella," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Kò sí abọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

Omi lé sójú Zella, kò sì nù ún. Ó ní, "Tọ́jú ẹ. Àmọ́ tó o bá máa gbé e bọ̀, o mọ̀ pé kì í padà lófìfo."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ mọ́tò. Burl wo ọwọ́ rẹ̀.

"Abọ́ dà?"

"Kò tíì jẹ kéèkì tán."

"Kéèkì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Ẹ wa mọ́tò jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Àwọn ọmọ ti fẹ́ dé láti ilé ìwé."